Owó gáàsì ní London, owó iná n'Ìbàdàn: ẹ wo ìṣirò yìí kẹ́ ẹ tó kẹ́rù padà sílé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń bá àwọn èèyàn wa tó wà ní London sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Ṣebí kò sí òtútù n'Ìbàdàn, owó hítà ti kúrò ńbẹ̀ nìyẹn." Ó kúrò ńbẹ̀ lóòótọ́. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi lo ọdún méjìlélógún ní Thamesmead ká tó kó wá sí Akóbọ̀, àtìgbà tá a dẹ̀ ti dé, kò sẹ́ni tó tan hítà nílé wa. Ṣùgbọ́n lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, owó tá a ná sórí iná àti epo jẹnẹrétọ̀ ju gbogbo owó gáàsì pẹ̀lú iná tá à ń san ní London lọ, torí pé a ò bi àwọn ará àdúgbò léèrè nǹkan kan ká tó sanwó ilé. Ilé rẹwà, táìlì ẹ̀ ń dán, a rò pé ó ti parí. Ó dùn mí gan-an, mi ò dẹ̀ fẹ́ kí ẹlòmíì tún kó sí i.

Iye tí yúníìtì kan jẹ́

Ibí yìí lojú ti máa ń kọ́kọ́ tan èèyàn. Màá fi pọ́n-ùn kan ṣe ₦2,000 kí ìṣirò lè rọrùn, ẹ̀yin ẹ fi iye tó bá jẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń kà á rọ́pò.

London: Iye tí Ofgem, àjọ tó ń fi òdiwọ̀n sí owó iná àti gáàsì níbẹ̀, gbé kalẹ̀ fún Ọkitóbà sí Dìsẹ́ńbà 2025, tá a bá wo ìpíndọ́gba England, Scotland àti Wales, yúníìtì (kWh) iná kan jẹ́ 26.35p, ti gáàsì jẹ́ 6.29p. Lórí ìyẹn, standing charge tún ń lọ ní tiẹ̀, 53.68p lójúmọ́ fún iná, 34.03p fún gáàsì, ẹ̀ báà tan nǹkan, ẹ̀ báà lọ lo oṣù kan n'Nàìjíríà.

Ìbàdàn: Bándì A, ìyẹn àwọn tí iná ń wà fún jù, jẹ́ ₦209.50 lórí yúníìtì kan láti Júláì 2024, VAT 7.5% á gbé e dé nǹkan bíi ₦225. Kò sí standing charge kankan, ohun tẹ́ ẹ bá lò lẹ máa san. Àwọn Bándì B dé E ò tó ₦70 lórí yúníìtì kan.

Tá a bá yí ti London sí náírà, yúníìtì iná kan ti di ₦527, ìyẹn ju ìlọ́po méjì ti Bándì A lọ. Àwọn tó ń pariwo pé Bándì A wọ́n ò parọ́ o, láti ₦68 ló fò lọ sí ₦225 (láìka VAT) ní Épírì 2024 kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀, owó oṣù ẹnikẹ́ni ò dẹ̀ fò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí pẹ́ńṣàn ẹ̀ ń wọlé ní pọ́n-ùn, iye yúníìtì kọ́ ló máa dun irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ilé tí Ofgem fi ń ṣàpẹẹrẹ, tó ń lo yúníìtì gáàsì 11,500 àti yúníìtì iná 2,700 lọ́dún, £1,755 ló máa san lórí iye ìgbà yẹn, tá a bá pín in sóṣù, bíi £146. Nínú owó yẹn, £320 ni standing charge nìkan. Ilé tá a wà báyìí n'Ìbàdàn, Bándì A ni, a ní fíríìjì kan, fírísà kan, fáànù mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n, pọ́ǹpù tó ń fa omi kànga wá sórí táǹkì, áyọ́ọ̀nù, AC kan ní yàrá wa tá a máa ń tàn lóru, gbogbo ẹ̀ ń lọ sí bíi yúníìtì 370 lóṣù nígbà ooru. Ìyẹn jẹ́ bíi ₦83,000, nǹkan bíi £42. Ẹni tó bá wo ibi tí mo kọ ìyẹn sí nìkan á ní ká máa bọ̀ wálé kíá.

Àmọ́ ₦83,000 yẹn, ọdún kejì wa ló bẹ̀rẹ̀.

Bándì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn, kó tó kan ilé

Ní London, ẹ ò ní bi éjẹ́ńtì pé "ṣé iná máa ń wà ní títì yìí?" Iná wà. Ohun tẹ́ ẹ máa bi í ni EPC, ìwé tó ń fi lẹ́tà sọ bí ilé ṣe ń jẹ iná àti gáàsì tó, bóyá C ni àbí E, bóyá fèrèsé jẹ́ onígíláàsì méjì, bóyá wọ́n ti fi nǹkan bo òkè àjà kí ooru má báa jáde. Ìbéèrè tó máa gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó n'Ìbàdàn yàtọ̀ pátápátá, ìyẹn ni pé fídà wo (wáyà ńlá tó ń pín iná kiri) ló gbé iná wá sí ilé yìí, bándì wo dẹ̀ ni fídà ọ̀hún wà?

Bándì A ní láti ní iná ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Fídà ni wọ́n ń pín sí bándì, wọn kì í pín àdúgbò. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kò sóhun tó ń jẹ́ "Akóbọ̀ jẹ́ Bándì A" tàbí "Bódìjà jẹ́ Bándì A", ilé méjì tó kọjú síra lè wà lórí fídà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iná á máa tàn lójú fèrèsé ẹnì kejì yín, ẹ̀yin á jókòó sókùnkùn. Ohun tó ṣe wá gan-an nìyẹn. Éjẹ́ńtì ní "Mọ́mì, iná ò kì í lọ ńbí", a gbà á gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì tá a kó dé, ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní ìkóríta wa bi mí pé kí ló dé tí jẹnẹrétọ̀ wa ò sinmi, mo sọ fún un, ó ní: "Mọ́mì, òdìkejì títì ló ń ríná, tiyín kọ́. Gbogbo wa la mọ̀." Gbogbo wọn ló mọ̀. Àwa nìkan ni a ò béèrè.

Báyìí kẹ́ ẹ ṣe ṣe é: kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí láńdílọ́ọ̀dù tàbí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ mú rìsíìtì tókìnì tó rà kẹ́yìn wá, lórí fóònù náà ó wà níbẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ táríìfù sí, á kọ nǹkan bíi "A-Non MD" tàbí lẹ́tà mìíì, iye owó yúníìtì kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá ní A ni, tí iye tó wà ńbẹ̀ dẹ̀ jẹ́ ₦60 àti díẹ̀, A kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ lọ bi ilé méjì sí i lójú títì kan náà, ẹ bi oníṣọ́ọ̀bù tó ń ta omi tútù, torí fírísà ẹ̀ ò lè purọ́. Òfin tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná, gbé jáde ní 2024 ní tí fídà Bándì A ò bá pé wákàtí ẹ̀ fún ọjọ́ méje léra, kí wọ́n já a wálẹ̀ sí bándì tó bá a mu, nítorí náà ẹ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóṣù yìí, ẹ má gba ìtàn èṣín.

Tí ilé ò bá ní mítà tiẹ̀, tó jẹ́ pé bíìlì àfojúdíwọ̀n ni wọ́n ń gbé wá fún un, ẹ rìn kúrò ńbẹ̀ jàre. Ẹ tún béèrè bóyá gbèsè wà lórí mítà, nítorí ẹni tó bá kó wọlé ni wọ́n máa ń mú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo mítà oníkíì rí ní London, tókìnì ò ní yà yín lẹ́nu, nọ́ńbà 20 lẹ máa tẹ̀ sórí ẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé mítà London ń yáni lówó díẹ̀ tí owó bá tán lóru, ti ibí ò mọ̀yẹn, tó bá tán ó tán, ẹ máa rà á sílẹ̀ kó tó tán.

Jẹnẹrétọ̀ àbí sólà

Ibí yìí ni owó gidi wà, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Jẹnẹrétọ̀ wa ìgbà yẹn jẹ́ 3.5kVA, ó ń mu ju lítà kan lọ díẹ̀ ní wákàtí kan. A máa ń tàn án láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ di aago kan òru torí ooru, tá a bá tún jí láàárọ̀ a máa tàn án fún wákàtí méjì kí fírísà lè dì, ká lè fa omi, ká lè lọ aṣọ. Lítà mẹ́wàá lójúmọ́. Ká fi lítà kan ṣe ₦900, ₦9,000 nìyẹn lójúmọ́, ₦270,000 lóṣù, ẹ wá fi owó ọ́ìlì, owó pọ́lọ́ọ̀gì, owó ọmọkùnrin tó ń wá tún kabúrétọ̀ ṣe àti tókìnì tá a fi ń gba ìwọ̀nba iná tó ń wá kún un, ó ti di ₦300,000, ìyẹn £150. Direct debit wa ní London, owó tí báńkì ń yọ lóṣooṣù fún gáàsì àti iná, ò ju £140 àti díẹ̀ lọ. A sá fún òtútù, a wá ń san owó òtútù fún ẹni tó ń ta epo.

Tẹ́ ẹ bá pín in sí yúníìtì, á yé yín dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ kékeré onípẹtiróòlù ò lè fún yín ju yúníìtì kan àbọ̀ sí méjì lọ látinú lítà kan, èyí tó kù ń bá èéfín àti ariwo lọ. Yúníìtì kan ti di ₦450 sí ₦600. Ti London, tẹ́ ẹ ní ó wọ́n, ₦527 ni. Kò síyàtọ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Gbogbo wa la mọ alámù carbon monoxide tí wọ́n máa ń gbé sí tòsí bọ́ílà ní London, tí oníṣẹ́ Gas Safe á dẹ̀ wá yẹ bọ́ílà wò lọ́dọọdún. Èéfín yẹn kan náà ló ń jáde látinú jẹnẹrétọ̀, kò lóòórùn tẹ́ ẹ fi lè mọ̀ ọ́n, ó dẹ̀ ti pa odindi ìdílé mọ́jú ní Nàìjíríà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ má gbé e sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má gbé e sábẹ́ fèrèsé yàrá, òjò ò báà máa rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní alámù yẹn nílé ní London, ẹ tú u, ẹ gbé e sínú ẹrù tẹ́ ẹ ń kó bọ̀, kò wúwo.

Sólà wá ńkọ́? Ínfátà 5kVA, bátìrì lithium oníyúníìtì márùn-ún àti páńẹ́ẹ̀lì mẹ́fà oní 550W, ó lè gba mílíọ̀nù mẹ́ta náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn bíi £1,500. Owó ńlá ni, ó máa ń bani lẹ́rù téèyàn bá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lé ₦300,000 tí jẹnẹrétọ̀ ń gbà lóṣù, oṣù mẹ́wàá péré ni. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa, páńẹ́ẹ̀lì mẹ́fà yẹn lè kó bíi yúníìtì 12 wọlé, ó tó fíríìjì, fírísà, fáànù, omi, ó tún ṣẹ́kù tí AC á fi ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Júláì sí Ọ́gọ́ọ̀sì, tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run Ìbàdàn, ó lè dín sí ìdajì, àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni ooru ò sí, torí náà kì í ni yín lára. Nígbà ọyẹ́ eruku máa ń bo páńẹ́ẹ̀lì bíi pé wọ́n da ìyẹ̀fun sí i, ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Àwọn oníṣẹ́ kan á fẹ́ ta bátìrì olómi fún yín torí pé ó dínwó, ẹ gbọ́ tèmi, ẹ ò lè lò ó ju ìdajì lọ láìbà á jẹ́, ẹ tún ní láti máa bu omi sí i, tí owó bá wà ẹ gba lithium.

Tó bá jẹ́ èmi lẹ bi: ẹni tó rílé sórí Bándì A tó ń ṣe déédéé, ínfátà kékeré pẹ̀lú bátìrì kan tó, iná á máa ṣájì ẹ̀ fúnra ẹ̀, torí Bándì A náà máa ń lọ, gírìdì orílẹ̀-èdè ṣubú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní Ọkitóbà 2024 nìkan, kò dẹ̀ sí bándì tí kò kàn. Ẹni tó ti kọ́lé ẹ̀ síbi tí iná ò sí, tí kò lè kó o kúrò, kó fi owó tó fẹ́ fi ra mọ́tò kejì ṣe sólà. Jẹnẹrétọ̀, kó wà nílé fún ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá dà rú, kó má jẹ́ òun lẹ gbójú lé.

Ìgbà wo lowó ń gòkè

Ní London, Nòfẹ́ńbà sí Máàṣì ni, gáàsì ló ń jẹ ẹ́, direct debit á wá pín in kárí ọdún kó má baà dun yín lẹ́ẹ̀kan náà. N'Ìbàdàn, Fẹ́búárì sí Épírì ni, kí òjò tó rọ̀ dáadáa, nígbà tí ọ̀sán ń gbóná dé 34 tàbí 35 tí òru pàápàá ò fẹ́ẹ́ tutù. Kò sẹ́ni tó máa pín in fún yín, oṣù tẹ́ ẹ bá lò ó lẹ máa san án. Ẹ máa tọ́jú nǹkan sílẹ̀ láti ìgbà òjò.

AC àti fáànù: AC hp kan tá a tàn fún wákàtí mẹ́jọ lóru ń lo bíi yúníìtì márùn-ún, ₦1,125. Fáànù òkè sílìn fún wákàtí mẹ́jọ kan náà, ₦135 péré. Òru AC kan ra òru fáànù mẹ́jọ. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má tan AC o, ara tó ti lo ogún ọdún nínú òtútù ò lè gba ooru Máàṣì lọ́jọ́ kan, lọ́dún àkọ́kọ́ ẹ tàn án, pàápàá tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru. Ohun tí mò ń sọ ni kẹ́ ẹ ra AC oní-inverter, èyí tó máa ń dín agbára tó ń lò kù tí yàrá bá ti tutù, kẹ́ ẹ gbé e sí yàrá kan ṣoṣo tẹ́ ẹ̀ ń sùn, kẹ́ ẹ fi í sí 25 tàbí 26, kẹ́ ẹ wá tan fáànù mọ́ ọn. Ó máa ń tó. Lọ́dún kejì, bàbá àwọn ọmọ mi fúnra ẹ̀ ló ń pa á ní aago méjì òru pé òtútù ń mú òun.

Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé omi gbígbóná. Nígbà ọyẹ́, Dìsẹ́ńbà sí Jánúárì, omi orí táǹkì tutù láàárọ̀, àgbàlagbà ò lè wẹ̀ ẹ́. Ní London bọ́ílà ló ń ṣe é, ẹ ò tiẹ̀ ń rántí pé owó ń lọ. Níbí, tẹ́ ẹ bá fi iná mọ̀nàmọ́ná gbé e kaná, ₦225 ni yúníìtì kan, ṣùgbọ́n sílíńdà gáàsì 12.5 kílò ní bíi yúníìtì 170 nínú, tá a bá fi kílò kan ṣe ₦1,200, yúníìtì kan ò tó ₦90. Torí náà ìkòkò orí gáàsì la fi ń se omi ìwẹ̀ nílé wa, hítà balùwẹ̀ tí láńdílọ́ọ̀dù gbé síbẹ̀ kàn wà lára ògiri ni.

Owó tí ìjọba ń fún yín

Kékeré ni mo máa sọ níbí. Winter Fuel Payment, £200 tàbí £300 tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún àwọn àgbàlagbà nígbà òtútù, ẹ ò ní rí i gbà mọ́ tẹ́ ẹ bá ti kó wá sí Nàìjíríà. Èyí tó wúwo jù ni pé State Pension yín á dúró sórí iye tó wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kúrò (tàbí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà á, tẹ́ ẹ bá ti kúrò ṣáájú), kò ní máa gòkè lọ́dọọdún bíi tàwọn tó wà ńbẹ̀, torí Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń fi kún un fún. Ó ń bí mi nínú, torí owó kan náà la jọ san síbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn tẹ́ ẹ bá ń rò ó bóyá kẹ́ ẹ ṣe sólà nísinsìnyí tí pọ́n-ùn yín ṣì lágbára, àbí kẹ́ ẹ dúró di ọdún márùn-ún.

Ilé fúnra ẹ̀

Ilé London, wọ́n kọ́ ọ kí ooru má jáde. Ilé Ìbàdàn, ó yẹ kí wọ́n kọ́ ọ kí ooru lè jáde ni, àmọ́ ẹ wo àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ tuntun, sílìn wálẹ̀, fèrèsé onísíláìdì tó jẹ́ pé ìdajì ẹ̀ nìkan ló ń ṣí, páànù alumí láìsí ohunkóhun lábẹ́ ẹ̀, gbogbo igi inú ọgbà ni wọ́n ti gé tí wọ́n fi kọnkéré bo ilẹ̀ ẹ̀ pa. Ẹ máa san owó AC lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ títí ayé. Ilé amọ̀ bàbá bàbá mi ní Òjé, ògiri ẹ̀ fẹ̀ tó apá, ọ̀sán gangan èèyàn á sùn síbẹ̀ láìsí fáànù. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ kọ́ ilé amọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ẹ ní kí sílìn ga, kí fèrèsé kọjú síra kí atẹ́gùn lè gba inú yàrá kọjá, kí etí òrùlé yọ síta dáadáa kó bo ògiri, kẹ́ ẹ gbin igi kan sí apá ìwọ̀-oòrùn.

Tó bá dẹ̀ jẹ́ ilé tí wọ́n ti kọ́ tán lẹ fẹ́ gbà, ẹ má lọ wò ó láàárọ̀ bí éjẹ́ńtì ṣe máa ń fẹ́. Ẹ lọ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó bá lè bọ́ sí Máàṣì ó dáa jù. Ẹ wọ yàrá tẹ́ ẹ máa sùn, ẹ ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín lé ògiri tó kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀, kẹ́ ẹ gbé e síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá gbóná bíi kẹ́tùlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá yàrá mìíì wà lápá ìlà-oòrùn, tí kò bá sí, ẹ kí wọn pé ẹ ṣeun.